Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀, Kò Ṣe Abàmì

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní Lagos Town ní Accra, tí wọ́n ń pè ní New Town báyìí, ni mo ti kọ́kọ́ rí ìwé náà. Ọkùnrin kan ló gbé e wá, olùkọ́ ilé-ìwé girama, ọmọ Gá, àwọn onílẹ̀ Accra, láti Jamestown létíkun. Ó ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì rọra máa ṣí i, nítorí ẹ̀yìn ìwé náà ti ń já. Bí mo ṣe ń da ojú ewé kọ̀ọ̀kan dé orí ẹ̀rọ ni àwọn àwòrán náà ń jáde: òmìrán kan tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta bíi ti ìmàdò, obìnrin kan tó jẹ́ ejò láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, aràrá aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ fẹ̀ bíi ti àdán. Mo bi í pé irú ìwé wo nìyí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwé eré ni," ó ní. "Ẹni tó bá ń ṣe é ló máa di ọ̀kan nínú wọn."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Jamestown ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Eré náà kò ṣòroó yé. Ẹ ó jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan, ìyẹn Olùkọ́, ni yóò máa sọ ìtàn: ìlú tí ẹ dé, àwọn tí ẹ pàdé lọ́nà, ohun tó fẹ́ pa yín. Ẹ̀yin yòókù, kálukú yóò mú ẹ̀dá kan tí òun jẹ́ nínú ìtàn náà, yóò máa fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ni yóò sì pinnu ohun tí ẹ̀dá náà máa ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ ó ju dáìsì bíi ti lúdò, àfi pé ojú tirẹ̀ pọ̀ ju ti lúdò lọ. Bí ohun tó já bá ga, o yè. Bó bá kéré, ìyà ni.

Olùkọ́ sọ fún wa pé níbòmíràn, akọni ni àwọn èèyàn sábà máa ń jẹ́, àwọn abàmì ni wọ́n sì máa ń pa. Òun ti yí tirẹ̀ padà. "Nínú ìtàn tèmi," ó ní, "ẹ̀yin lẹ jẹ́ abàmì. Ẹ̀yin ni wọ́n ń lé kiri."

Àwa méjì la kọ́kọ́ ń bá a ṣe é. Ẹnì kejì mi jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì tó wá láti Kumasi, ọkùnrin gìrìwò kan tí ohùn rẹ̀ máa ń kún yàrá. Òmìrán eléyín ìmàdò ló mú. Ó ní àwọn òyìnbó tó ya àwòrán náà kò mọ orúkọ rẹ̀ ni, pé ní ìlú àwọn, sasabonsam ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dá burúkú tó ń jókòó sórí igi ńlá nínú igbó, tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn tó bá ń kọjá lọ́rùn. Inú rẹ̀ a máa dùn bó bá ń sọ ọ́. Èmi mú obìnrin ejò.

Mo mọ ìdí tí mo fi mú un. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, Alata ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Gánà, wọ́n á fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tu nǹkan kíkorò dànù. Bẹ́ẹ̀, Accra ni wọ́n bí mi sí, Accra náà ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí ìjọba Gánà lé padà sí Nàìjíríà láyé ọjọ́un, tí wọ́n fi ìsọ̀ àti ẹrù sílẹ̀ lọ. Ó ti darúgbó kó tó padà wá. Nínú eré Olùkọ́, bí àwọn ará ìlú bá gbé òkò, obìnrin ejò mi kì í sá. Yóò gbé orí sókè, yóò sì máa bọ̀ wá bá wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwa ọmọbìnrin méjì péré ni ìyá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi. Ọṣẹ àti aṣọ ni ìyá wa ń tà ní ọjà Makola, pàápàá ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Gánà fi orúkọ wa pè, tí wọ́n ń pè ní alata samina. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń jókòó tì í. Ó rẹwà, ó mọ̀ pé òun rẹwà, kò sì fi ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Kòtò kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì bó bá rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà a máa wá ra ọṣẹ tí wọn kò nílò.

Nínú oṣù Ààwẹ̀ kan, ọdún díẹ̀ kí n tó mọ Olùkọ́, ó wà ní ilé ìdáná àgbàlá wa, ó ń se oúnjẹ ìṣínu. Ẹnu sìlíńdà gáàsì ń jò, kò sẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí iná náà gbá a. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tó jáde, apá òsì ojú rẹ̀ ti fún pọ̀, awọ ti fa ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ sì ti di kókó. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá wò ó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó kí i láti ibẹ̀, ó gbé ọ̀sàn tó rà sílẹ̀, ó lọ. A kò rí i mọ́.

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo níkáàbù, aṣọ tó bo gbogbo ojú àfi ẹyinjú. Ìborí lásán ni à ń lò nílé wa tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí yìn ín, wọ́n ní àdánwò ti mú un súnmọ́ Ọlọ́run. Kò bá wọn jiyàn. Ó gbìyànjú láti padà sí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a jọ wọ tírótíró, ọkọ̀ akérò kékeré, atẹ́gùn fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó gbé aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ kan wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó rí i, ó ké tòò: "Sasabonsam!" Ìyá ọmọ náà kò bá a wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì sún mọ́ ògiri ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí Makola mọ́. Ó ń jókòó sílé, ó ń di ọṣẹ sínú bébà fún ìyá wa.

Àárọ̀ Sátidé kan, mò ń fọ aṣọ ní àgbàlá, mo sì ń fi ohùn obìnrin ejò mi dánra wò. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́.

"Kí lò ń fọ̀ bí ejò bẹ́ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ó gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń wo ojú ara wọn níbẹ̀?"

"Ìwé àti dáìsì la máa ń wò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó kàn máa sọ̀rọ̀ ni."

"Mú mi dání lónìí."

Yàrá Olùkọ́ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ibi tí àwọn ìyálé ilé ti ń yan ẹja. Èéfín a máa gba àárín pákó ilẹ̀ wọlé, gbogbo wa la máa ń rùn bí ẹja bí a bá ń padà lọ sílé. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dìde kí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè é ní Sísítà, Olùkọ́ sì nu àga fún un. Ó kó àwọn àwòrán abàmì síwájú rẹ̀ pé kó mú èyí tó wù ú. Ó wo gbogbo wọn, ó wò wọ́n fínnífínní, ìkan tẹ̀lé ìkan, títí ó fi wò wọ́n tán.

"Ṣé kò sí èèyàn nínú wọn ni?"

"Sísítà, abàmì ni gbogbo wa nínú ìtàn yìí," Olùkọ́ dáhùn.

"Èèyàn ni èmi fẹ́ jẹ́."

Ará Kumasi rẹ́rìn-ín. "Kí ni èèyàn lè ṣe? Èmi lè fa igi tu. Àbúrò yín lè gbé ẹṣin mì. Agbára wo ni èèyàn ní?"

"Bó bá ń kọjá lọ," ẹ̀gbọ́n mi ní, "wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ."

Ará Kumasi mú dáìsì kan, ó ń yí i lọ́wọ́. Dùmsọ̀ ọdún náà, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, le gan-an. Iná lọ bí a ṣe wà níbẹ̀, fáànù dúró, ooru bò wá mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ká níkáàbù rẹ̀ sókè. Ará Kumasi wo ojú rẹ̀, ó yára wo dáìsì ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ kò gbójú kúrò. Ó fa bébà kan súnmọ́ra.

"Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?" ó bi í.

"Ojú ta ni?"

"Ojú obìnrin tí ẹ fẹ́ jẹ́."

Ó ní ọṣẹ ni obìnrin náà ń tà. Ó ní kò ga, kò kúrú. Ó ní awọ ojú rẹ̀ dán, pé ó máa ń fi òrí pa á, pé irun iwájú orí rẹ̀ máa ń jáde lábẹ́ ìborí bó ti wù kó dì í tó, pé bó bá rẹ́rìn-ín, kòtò kan á hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Olùkọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò mọ ẹni tó ń kọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo wo etíkun láti ojú fèrèsé, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀dá èèyàn kan ṣe wà láàárín àwa abàmì. Ó sì wúlò fún wa ju bí a ti rò lọ. Bí a bá dé ìlú, àwa á sápamọ́ sínú igbó, òun á gba ẹnubodè wọlé, òun ni yóò ra iyọ̀ àti oògùn wá. Olùkọ́ á di olóńjẹ, á di aṣọ́bodè, á di ìyá arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ó máa ń pẹ́ ní ọjà inú ìtàn náà. Yóò kí gbogbo èèyàn, yóò bèèrè ọmọ wọn, yóò ná ọjà wọn títí Ará Kumasi á fi fi ọwọ́ gbá tábìlì: "Sísítà, ẹ jẹ́ ká lọ jagun!" Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Lápá kan ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà máa ń yọrí. Nílé, ìyá wa ṣàkíyèsí pé ọmọ òun máa ń lọ aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, pé ó máa ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá bèèrè, ó máa dáwọ́ dúró.

Ìtàn náà ń lọ títí ó fi kó sí iná.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ilé kan nínú ìtàn, ní ìlú ńlá kan, ó sì ti fi àwa méjì pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Olùkọ́ ti wọ inú ìtàn rẹ̀ lọ bí ẹni wọ odò. Ó dìde dúró, ó ń fi ọwọ́ júwe.

"Wọ́n ti dé iwájú ilé yín, Sísítà. Gbogbo àdúgbò ni. Àwọn tí ẹ jọ ń tajà wà láàárín wọn. Wọ́n gbé kẹ̀rosíìnì dání. Wọ́n ní ẹ ń gbé abàmì sínú ilé. Wọ́n ní kí ẹ kó wọn jáde, àbí kí àwọn sun ilé náà mọ́ yín lórí."

Ará Kumasi ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé wá! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá rí sasabonsam!"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí ọrùn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Kí lẹ máa ṣe?" Olùkọ́ bèèrè.

"Ṣé wọ́n ti ṣáná sí i?"

"Ó ti ń jó lọ́wọ́ wọn."

"Mo ṣílẹ̀kùn," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo ní yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Mo na ìka sí i."

Ará Kumasi kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ròkè. "Sísítà, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀! Àwa la gbà yín lọ́wọ́ àwọn olè lójú ọ̀nà. Èmi ni mo gbé yín sẹ́yìn kọjá odò!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ lè bá wọn jà. Ẹ lè sá. Ẹ lè ju dáìsì, bóyá ó máa bọ́ sí i!"

"Ẹ̀yin ò mọ bí iná ṣe rí," ó ní, kò gbé ohùn sókè.

Ìgbà náà ni ojú Olùkọ́ yí padà. Ó jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò rò ó rárá. Ẹ jẹ́ ká pa ibí yìí rẹ́. Ká sọ pé òjò ńlá rọ̀, wọ́n sì tú ká."

"Òjò kankan ò rọ̀," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ẹ máa bá a lọ."

A bá a lọ. Mo ju dáìsì, kò bọ́ sí i. Olùkọ́ fi ohùn kékeré sọ ọ́, kò ṣe àlàyé púpọ̀: wọ́n pa obìnrin ejò mi sórí ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Sasabonsam jà dé àgbàlá kí wọ́n tó yí i po. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Kumasi ń kó àwọn nǹkan rẹ̀ sínú báàgì, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Kí ni obìnrin náà ṣe lọ́jọ́ kejì?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

Olùkọ́ gbé ojú sókè. "Ó lọ sí ọjà, mo rò bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wọ́n kí i?"

"Wọ́n kí i."

Ó mi orí, ó sì da níkáàbù rẹ̀ bojú.

Inú bí mi débi pé n kò lè bá a rìn. Mo ṣáájú, ó ń bọ̀ lẹ́yìn, láàárín àwọn ọmọdé àti agbada ẹja. Ní ibùdókọ̀, mo yíjú sí i.

"Ẹ fà mí lé wọn lọ́wọ́."

"Eré ni, àbúrò mi."

"Ẹ̀yin gan-an kò kà á sí eré!"

Ó dúró. Ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí láàárín aṣọ dúdú náà, n kò sì lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ìwọ máa ń gbé e wọ̀ lọ́sàn-án Sátidé," ó ní, "o ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo yín lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé nǹkan dáadáa kan wà nínú kí èèyàn máa sá fún èèyàn. N kò rí nǹkan dáadáa kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún ní kí n yàn, ojú yẹn náà ni n ó yàn, n ó sì fi ẹni yòówù kó jẹ́ gbà á."

"Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Méètì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ńdọ́, ń pariwo "New Town, New Town". Ó gòkè, ó sì súnra fún mi.

Kò bá mi lọ mọ́. Èmi ń lọ, mo mú aràrá elétí àdán, mo sì ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ilé, a ń kí ara wa, a jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà láàárín wa bí ìgànná. N kò wojú rẹ̀ dáadáa. Òun náà kò jẹ́ kí n wò ó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborí wé ọrùn àti etí rẹ̀ nínú ilé pàápàá. Mo rò pé ìbínú ni.

Òórùn ló tú u. Ìyá wa kọ́kọ́ rò pé eku ló kú sẹ́yìn páálí ọṣẹ. Ó kó gbogbo páálí síta, ó gbálẹ̀, òórùn náà kò lọ. Nígbà tó wá yé e, ó wọ yàrá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, ó tú ìborí náà fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti àgbàlá. Egbò kan ti là sábẹ́ etí, lórí àpá iná náà gan-an, ó ti jinlẹ̀, etí egbò náà ti ró sókè bí ẹnu ìkòkò. Ó ti ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà bi wá pé níbo la wà látìgbà yìí. Ó ní àpá iná tó ti pẹ́ lè di jẹjẹrẹ, pé bí a bá tètè gbé e wá ni, àwọn ì bá gé e kúrò. Wọ́n ṣì gé e. Jẹjẹrẹ náà padà wá.

Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ní ọsibítù ní ọ̀sán kan. Ó ti gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ dà bí igi ìfọyín.

"Ṣé ẹ ṣì ń ṣe eré yẹn?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lo wá jẹ́ báyìí?"

"Aràrá aláwọ̀ ewé. Etí rẹ̀ dà bíi ti àdán."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "O ò gbọ́n rárá," ó ní.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ohun tí a bá ara wa sọ ní ibùdókọ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé wá láti yí báńdéèjì padà, ó ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ló kú, a sì sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Èmi wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Ìyá wa ló wẹ ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó.

Olùkọ́ àti Ará Kumasi wá kí wa lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé, wọ́n gbé páálí omi dání. Ìyá mi wò wọ́n, ó bi mí ní Yorùbá pé ta ni wọ́n.

"Àwọn tí a jọ máa ń ṣeré ni, Màámi."

"Jamestown?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yí sí Twi, èdè tí gbogbo wa gbọ́, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó bi wọ́n pé kí ni ọmọ òun máa ń ṣe nínú eré náà. Ará Kumasi yíjú sí Olùkọ́. Olùkọ́ ló dáhùn, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọṣẹ ló ń tà, Màámi. Wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an."

Ìyá mi gbé omi fún wọn, wọ́n mu ún, wọ́n sì dìde. Lẹ́nu géètì, Olùkọ́ bi mí bóyá n ó wá ní Sátidé. Mo ní mò ń bọ̀. N kò lọ. Báǹkì gbé Ará Kumasi padà sí ìlú rẹ̀ kò pẹ́ sí i, Olùkọ́ sì wá ibòmíràn tí yóò ti máa ṣe ẹ̀dà ìwé.